Páálí Bíà Oríṣiríṣi Láti Èkó: Bẹ́ẹ Ṣe Máa Gbà Á ní Abuja Kí Ooru Tó Mu Ún Ṣáájú Yín

Páálí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Èkó, bíà méjìlá láti àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, ìgò àti agolo, kò sí méjì tó jọra. Oṣù March ni, ẹ sì mọ bí Abuja ṣe máa ń rí ní March. Ọkọ̀ alẹ́ ló gbé e wá, ó dé páàkì kan ní Utako ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n pè mí, mo wà níbi iṣẹ́, mo ní kò sí wàhálà, ẹ bá mi fi síbẹ̀, tí n bá ń bọ̀ màá yà. Àṣé ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ti ń pa èèyàn ni wọ́n gbé e tì. Ìgbà tí n máa fi débẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀, ìdí páálí ti rin gbindin, agolo kan tó ní máńgòrò nínú ti bẹ́, eṣinṣin ti ń ṣe pàtí lórí ẹ̀. Mo gbé ìyókù relé, mo kó o sí fíríìjì, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣí mẹ́ta, gbogbo wọn ń rùn bíi páálí tí òjò pa. Mo bá pe ẹni tó tà á fún mi, mo fi ẹnu gbá a dáadáa, mo ní ọtí ẹ ò dáa. Ọtí ẹ̀ dáa o. Èmi àti oòrùn la jọ bà á jẹ́.

Mo ti gba páálí tó ju mẹ́wàá lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo ti wá mọ̀ pé bíà yìí, ibi téèyàn ti ń jèrè ẹ̀ tàbí pàdánù ẹ̀ ni láàárín páàkì sí ọjọ́ tó máa ṣí i. Ẹnu ní tiẹ̀, ìkẹyìn ló ń wọ̀ ọ́.

Kí ló tiẹ̀ dé tó ń ṣe bí ẹyin? Star tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n ti ń pọn ní Èkó láti 1949, àti Trophy tó ń ti Iléṣà bọ̀, wọ́n ti sẹ́ wọn mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi ooru pa ohun tó ń bẹ láàyè nínú wọn kí wọ́n tó kó wọn jáde, torí wọ́n mọ̀ pé abẹ́ agboòrùn ìyá kan ní Nyanya ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Craft beer, ìyẹn èyí tí àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ń pọn níwọ̀nba, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni wọn ò sẹ́, wọn ò sì fi iná kàn án lẹ́yìn tó ti wọ ìgò. Yíìsì ṣì wà láàyè nínú ẹ̀. Ẹ fi wé ẹmu. Ẹmu àárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ adẹ́mu, ẹ ò lè gbé e sí bùùtù mọ́tò títí di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ẹ wá ní adẹ́mu ló yàn yín jẹ. (Ẹ má rò pé Èkó nìkan ló mọ̀ ọ́n pọn o, Bature Brewery táwọn ará Èkó ń pariwo yẹn, Abuja níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.)

1. Kẹ́ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ọjọ́ wo ni wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ má bi í pé ṣé ó fresh, kò sẹ́ni tó máa dáhùn pé rárá. Ẹ ní kó ya fọ́tò ìdí agolo tàbí ẹ̀yìn ìgò sí yín lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ déètì sí. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ẹ ṣọ́ra, àwọn ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, 04/09 tiwọn, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni, tiwa ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí oṣù márùn-ún ló wà láàárín méjèèjì, bí mo ṣe ra IPA (bíà kan tó korò tó sì ń ta sánsán) tó ti darúgbó nìyẹn lọ́jọ́ kan tí mo sì ń yọ̀ pé mo rí tuntun. IPA àti gbogbo bíà tó jẹ́ pé òórùn hops ni wọ́n fi ń yangàn (hops yìí, òdòdó kan ni tí wọ́n ń sè mọ́ ọn kó lè korò kó sì ta sánsán), tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Stout tó lágbára àti bíà àwọn ará Belgium tó wọ 8% sókè, ìyẹn lè pé ọdún kan kó má ṣe nǹkan kan, òmíràn tiẹ̀ ń dùn sí i ni. Èyí tó bá ti òkè òkun wá, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín yan gbogbo ẹ̀. Ohun tí ò tà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa fi kún un, mo mọ̀, wọ́n ti ṣe é fún mi. Tó bá jẹ́ méjìlá lẹ fẹ́, tèmi ni pé kẹ́ẹ mú oríṣi mẹ́fà, méjì méjì: pilsner tàbí kölsch kan tó fúyẹ́, ọ̀kan tí wọ́n fi àlìkámà pọn, ọ̀kan tó máa ń kan lẹ́nu (sour), pale ale (ó jọ IPA, àmọ́ kò korò tó o), IPA, àti stout. Wọ́n á sọ fún yín pé oríṣi méjìlá ló dáa jù torí ẹ ó tọ́ púpọ̀ wò. Irọ́ ni. Ohun téèyàn mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ mu ọ̀kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi ìkejì pamọ́, ẹ ó rí i pé lọ́jọ́ kejì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ wá ńkọ́? Friday alẹ́. Alẹ́ torí pé ọ̀nà Lokoja ní ọ̀sán, inú bùùtù ọkọ̀ yẹn ààrò ni, Friday torí pé Saturday ló máa dé, ẹ ó sì wà nílé. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó o sí fíríìjì tiwọn di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó dì í, kí wọ́n fi nylon aláfẹ́fẹ́ yẹn (bubble wrap) wé ìgò kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn ọmọ máa ń fẹ́ tẹ̀ kó dún pà pà.

Tẹ́ẹ bá ń gbé òkè sí i, ẹ bi wọ́n dáadáa pé ibo ni ọkọ̀ ń kọjá. Láti bí 1999 sí 2001 ni ìpínlẹ̀ méjìlá ní òkè Ọya ti gba òfin Sharia, ní Kano, Hisbah, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ òfin Sharia, máa ń gba ọtí lójú ọ̀nà, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fọ́ ọ. Abuja ò sí lára ẹ̀, àmọ́ Suleja tó fara ti wa báyìí, Niger State ni, Niger sì wà nínú méjìlá yẹn. Ẹ jẹ́ kí páálí yín parí ìrìnàjò sínú FCT, kẹ́ẹ lọ gbà á fúnra yín. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ilé onílé.

2. Lọ́jọ́ tó bá dé

Ẹ gbé kúlà dání. Mo ní kúlà, èyí tí wọ́n fi ń gbé zobo lọ sóde. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ pure water bíi mẹ́jọ sí fírísà kó dì, àárọ̀ ẹ kó o sí ìdí kúlà, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì lé e. Ẹ dé páàkì ṣáájú ọkọ̀ tẹ́ẹ bá lè ṣe é. Ìwọ̀nba owó táksí tẹ́ẹ máa ná yẹn kéré sí owó bíà tó máa bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ ọlọ́kadà dispatch ló ń gbé e bọ̀ nílé ńkọ́? Maigadi ilé wa ní Kubwa, Mallam kan tó ti Katsina wá, ọmọlúàbí gidi. Lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́ láti bá mi gba páálí lórí ọ̀kadà, páálí yẹn dún ṣan-an, ó dúró, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá, giya ce?" (ṣé ọtí ni?) Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó nù ún mọ́ ara jalabíà ẹ̀, kò bá mi jà, kò wàásù, ó kàn lọ ṣí géètì gbayawu kí n lè gbé e kọjá fúnra mi, ó ní, "Sannu da aiki, Ọ̀gá," ìyẹn ẹ kú iṣẹ́. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń jáde lọ gbà á. Ẹni tí ẹ̀sìn ẹ̀ ò fẹ́ ọtí, ẹ má sọ ọ́ di alárùú ọtí, ẹni tí ò sì tíì pé ọdún 18, ẹ má rán an rárá.

Kẹ́ẹ tó fọwọ́ síwèé pé ẹ ti gbà á, ẹ fọwọ́ ra ìdí páálí wò bóyá ó rin, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Tó bá rin, kí ẹni tó gbé e wá dúró tì yín, kẹ́ẹ ṣí i lójú ẹ̀. Ẹ tan fídíò sílẹ̀ kẹ́ẹ tó fi ọ̀bẹ kan sẹ́lótéèpù, kí fídíò yẹn má dá dúró títí ẹ ó fi yọ èyí tó kẹ́yìn, torí tẹ́ẹ bá pa á kẹ́ẹ tó wá tún un tàn, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ láàárín. Ẹ má ki ọ̀bẹ bọlẹ̀ o, ara agolo fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹ to àwọn ìgò tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ẹ wo ibi tí ọtí dé lọ́rùn wọn, èyí tó bá relẹ̀ ju ìkejì ẹ̀ lọ, ó ti ń jò nìyẹn, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀. Ẹ wo ìdérí bóyá ó dógùn-ún. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí agolo, ó yẹ kó le kó sì tẹ́. Èyí tó bá wú, yíìsì ti rí ṣúgà jẹ nínú ẹ̀, ó ti mú gáàsì púpọ̀ jáde, bíà tí wọ́n fi èso sí ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ooru. Ẹ má mì í. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ kó o sí fíríìjì di ọjọ́ kejì, ẹ ṣí i níta nígbà tó bá ti tutù nini, kẹ́ẹ dà á sí kòtò. Mo mọ̀ pé ó dunni.

3. Ẹ jẹ́ kó sinmi

Ibí yìí ni gbogbo wa ti ń ṣàṣìṣe. Páálí dé, ojú ti wọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ ti gbọ́, wọ́n ní ká ṣí méjì ká fi kí i káàbọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bíà yẹn ti gbọn jìgìjìgì láti Èkó dé ibí, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yíìsì tó yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ọn, gáàsì inú ẹ̀ náà ń bínú. Ẹ dá wọn dúró lóòró, ẹ má tẹ́ wọn sílẹ̀ bíi wáìnì, ọjọ́ kan ó kéré tán, méjì ló dáa.

Níbo lẹ máa dá a dúró sí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn apọntí ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní 3-30-300. Bíà tó lo ọjọ́ 3 nínú ooru dígírì 32, èyí tó lo ọjọ́ 30 ní dígírì 22, èyí tó lo ọjọ́ 300 nínú fíríìjì ní dígírì 3, wọ́n ní bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa gbó. Ìṣirò àfojúdá ni, bíà kan á ju bíà kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ wá gbé e wọ yàrá yín ní Lugbe lọ́sẹ̀ tí iná ò sí, tí fáànù sólà kàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná kiri. Ọjọ́ mẹ́ta péré níbẹ̀ ti jẹ oṣù mẹ́wàá inú fíríìjì. Ìgbà tí ẹnì kan ṣàlàyé ẹ̀ fún mi báyìí ni mo tó rántí àwọn ìgò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní Utako, tí mo sì pe ẹni tí mo fi ẹnu gbá padà láti tọrọ àforíjì.

Torí náà gbogbo ẹ̀ sí fíríìjì, tí ààyè bá gbà á. Tí ààyè ò bá gbà á, torí ìyàwó ilé náà ní ọbẹ̀ tó fẹ́ kó síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí IPA, pale ale, èyí tí wọ́n fi èso sí àti ti àlìkámà wọlé ṣáájú. Stout àti àwọn tó lágbára lè dúró níta níbi tó tutù jù nínú ilé, lórí sìmẹ́ǹtì nínú yàrá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í kàn. Ẹ má kó wọn sí ẹnu ìlẹ̀kùn fíríìjì, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ń ṣí i wá omi ni wọ́n á máa gbọn.

Àwọn kan á sọ fún yín pé bíà tó ti tutù ò gbọdọ̀ gbóná mọ́ láéláé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa mu bíà dáadáa ní ilẹ̀ yìí? Iná lọ iná dé nìkan ò ba bíà jẹ́, bó ṣe gbóná tó àti bó ṣe pẹ́ tó nínú ooru yẹn ni kẹ́ẹ máa kà.

Fún ẹni tí AEDC, àwọn oníná Abuja, ń ṣe bó ṣe wù wọ́n, ìkòkò wà. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, gba àmì ẹ̀yẹ Rolex ní 2000 lórí ìkòkò méjì: ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ìkòkò ńlá, iyanrìn tó rin láàárín wọn, aṣọ tó rin lórí. Ewébẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ṣe é fún, ìgbá tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta á lo ọjọ́ 27 nínú ẹ̀. Omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ló ń gbé ooru lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣiṣẹ́ jù, tó bá di August tí gbogbo ibi ń rin, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Èmi ní ọ̀kan ní báíkonì, ìgò mẹ́fà ló ń gbà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín bí ẹni ń bomi rin òdòdó. Ìkòkò ò wọ́n wa ní agbègbè yìí, ilẹ̀ Gwari la wà, Ladi Kwali tó wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ọmọ ibí ni.

Ìmọ́lẹ̀ náà ọ̀tá ni. Agolo ò ní ìṣòro, ìgò aláwọ̀ búráùn ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìgò aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara, tí oòrùn bá wọ inú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré á bá hops jà, òórùn tó sì máa jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, bí igbó táwọn ọmọ ń fà lẹ́yìn ilé ni. Ẹ fi aṣọ dúdú bò ó.

4. Bó ṣe máa tutù tó

A fẹ́ràn bíà tó tutù débi pé eyín ń dunni. Fún lager, irú Star àti pilsner, ìyẹn dáa, dígírì 4 sí 6. Ti àlìkámà 5 sí 8, IPA 7 sí 10, stout tó lágbára 10 sí 13. Ẹ ò nílò tẹmómítà: ẹ yọ IPA kúrò nínú fíríìjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, stout ní mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ooru Abuja á ṣe ìyókù. Stout tó tutù jù ò ní òórùn kankan, ẹ kàn ń mu omi dúdú ni.

Tẹ́ẹ bá ń kánjú, ẹ da omi, yìnyín àti ìkúnwọ́ iyọ̀ méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ri ìgò bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Fírísà ńkọ́? Ẹ ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo wa la máa ń gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Á bẹ́ mọ́ ẹja.

5. Ife

Ife tó ní epo lára ló ń pa ìhó bíà. Ẹ má fi kànrìnkàn tẹ́ẹ fi fọ ìkòkò ẹ̀fọ́ fọ ọ́, ẹ ra tuntun, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, ẹ da ojú ife dé kó gbẹ fúnra ẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti da bíà sí i tí ẹ rí èéhó wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ara ife láti inú, ife yẹn ò mọ́. Ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa dà á jẹ́jẹ́ sí ara ife, tó bá dé ààbọ̀ ẹ gbé e dúró kẹ́ẹ da ìyókù sí àárín kó lè hó tó ìka méjì. Ẹ má bẹ̀rù ìhó, inú ẹ̀ ni òórùn wà. Ẹ fi ìka kan sílẹ̀ sí ìdí ìgò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn, kò ní pa yín àmọ́ ó ń korò, inú sì lè dà rú. Ti àlìkámà nìkan ló yàtọ̀, òun ni wọ́n máa ń yí ìdí ẹ̀ po kí yíìsì lè bá a jáde.

6. Títọ́ ọ wò

Èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin ló dáa. Ìgò 33cl kan, èèyàn mẹ́ta, kálukú á rí nǹkan bíi 11cl, ó tó. Bíà mẹ́rin tàbí márùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n yín á ti sùn. Omi lásán àti burẹ́dì tí ò ní bọ́tà láàárín wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó fúyẹ́ lọ sí èyí tó wúwo: pilsner, àlìkámà, èyí tó kan, pale ale, IPA, stout ló kẹ́yìn. Tẹ́ẹ bá fi IPA ṣáájú, ó dà bí ẹni jẹ orógbó tán tó wá ń mu omi àgbọn, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ẹ mu mọ́.

Ẹ wò ó. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ kẹ́ẹ tó fi kan ẹnu, òórùn àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ẹ mú, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta imú ti mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ẹ mu ún, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká, ẹ gbé e mì, kẹ́ẹ dákẹ́ díẹ̀ kẹ́ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹ́kù. Kí ẹ sọ ọ́ ní ohun tẹ́ẹ mọ̀, ẹ fi lychee àti gooseberry sílẹ̀ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Àbúrò ìyàwó mi, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé bíà àlìkámà irú ti Jámánì símú, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fi kànáfùrù sínú bíà? Ó dà bíi zobo ìyá Rakiya." Ó gbọ́ ọ ju gbogbo wa lọ. Kò sẹ́ni tó fi kànáfùrù sí i, yíìsì tí wọ́n fi ń pọn irú ẹ̀ ló ń mú òórùn kànáfùrù àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n jáde fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, a ò lè gbọ́ nǹkan míì nínú ẹ̀ mọ́.

Èyí tó kan, ẹ kìlọ̀ fún àlejò ṣáájú. Bàbá Dámilọ́lá tó ń gbé òkè wa mu ún, ojú ẹ̀ hunjọ, ó ní, "Ọtí yìí ti kan!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ó ní òun ò rówó ra ọtí kíkan. Ṣùgbọ́n òun ló parí ẹ̀.

Tẹ́ẹ bá bá èyí tí wọ́n fi ọkà bàbà pọn pàdé, ẹ má fojú àjèjì wò ó. Ní 1988 tí ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má kó màlítì báálì wọlé mọ́, ọkà bàbà ni gbogbo ilé ìpọntí ńlá sá di, àwọn tó ń pọn burukutu ní ibí yìí sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbé ilé iṣẹ́ kalẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ti bàjẹ́? Òórùn páálí tó rin: ó ti gbó, ooru tàbí ọjọ́ orí ló fà á. Òórùn igbó: ìmọ́lẹ̀ ni. Bọ́tà tàbí gúgúrú alábọ́tà, níbi tí ò yẹ kó wà: ọwọ́ apọntí ni. Omi àgbàdo sísè náà, ọwọ́ apọntí. Kíkan nínú bíà tí ò yẹ kó kan, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Méjì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè kẹ́ẹ tó bi ẹni tó tà á.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, orúkọ, déètì, gbólóhùn kan. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn á ti di "ó dùn gan-an".

7. Ohun tẹ́ẹ máa fi jẹ

Súyà pẹ̀lú yaji (ata súyà) tó ta, ẹ má fi IPA tì í, ìkòrò ẹ̀ á jẹ́ kí ata náà jó yín sí i, pilsner tàbí ti àlìkámà ni kẹ́ẹ mú. Kílíṣí àti stout, ìyẹn ìgbéyàwó. Ẹja yíyan láti ọjà ẹja Kado, èyíkéyìí tó bá fúyẹ́. Ó tán.

8. Ẹ ka nọ́ńbà ara ìgò

Ẹ má jẹ́ kí ìgò kékeré tàn yín. Star ńlá, 60cl ní 5.1%, ọtí gidi inú ẹ̀ tó nǹkan bíi mílílítà 31. Ìgò kékeré 33cl tó bá jẹ́ 9%, mílílítà 30 ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n! Ẹni tó bá mu mẹ́rin irú ìyẹn nítorí pé ó kéré lójú, Star ńlá mẹ́rin ló mu yẹn, kó má wa mọ́tò relé, kó pe Bolt tàbí kó sùn lórí àga mi, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Aboyún náà, ẹ má fi lọ̀ ọ́.

9. Tó bá ní àléébù

Fídíò yẹn ni kẹ́ẹ fi ránṣẹ́, lọ́jọ́ tó dé gan-an, pẹ̀lú fọ́tò déètì. Ẹ má dúró di ọjọ́ tẹ́ẹ mu ún. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ sọ aago tó dé páàkì àti aago tẹ́ẹ gbà á, torí ìyẹn ló máa fi hàn bóyá wọ́n jẹ yín ní gbèsè bíà àbí ẹ̀yin lẹ jẹ ara yín. Àwọn tó dáa nínú wọn máa ń rán òmíràn wá.

Tèmi tó ń bọ̀, Friday yìí ló máa gbéra. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé Ẹ MÁ GBÉ E SÓÒRÙN. Dírẹ́bà lè má kà á, àmọ́ pure water mẹ́jọ ti wà nínú fírísà mi, aago mẹ́jọ Saturday mo ti jókòó sí páàkì.